Ohùn Ìyá Kúbúrà Lẹ́yìn Géètì

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí ẹní. Ẹ da fóònù yín dojú bolẹ̀; ẹni tó bá ń wá yín á tún pè. Ẹni tó bá fẹ́ fi Hausa dá mi lóhùn, kó fi dá mi lóhùn, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi sọ èyí, nítorí Yorùbá ni a fi sunkún rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì tó kọjá lójúde wa níhìn-ín ní Ungwan Boro láàárọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ohùn obìnrin tó ń ti inú súpíkà rẹ̀ jáde. Ẹ ń sín in jẹ. Dámiláre tilẹ̀ jó sí i. N kò bá yín wí, ohùn náà dùn. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin tó ni ín. Mo bá a gbé inú ọgbà kan náà. Ọjọ́ kan sì wà tí ohùn yẹn, tí gbogbo Kaduna fẹ́ràn, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ikú pa á.

Dámiláre ní, "Baba, da gaske?" Òótọ́ ni. Jókòó dáadáa. Kí ni wọ́n tilẹ̀ kọ sí àyà ẹ̀wù tó o wọ̀ yẹn? Wọ́n ní o kò jọ ẹnikẹ́ni. Mo rí irú rẹ̀ lọ́rùn oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi ti ọjà bọ̀. Mo rí i lọ́rùn ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ náà ń sunkún pé kí n ra tirẹ̀ fún òun. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kò jọ ẹnikẹ́ni, ẹ jọ ara yín bí ìbejì. Má bínú, n kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Kinkinau ni à ń gbé nígbà náà, ní òdìkejì odò, nínú ọgbà Alájì Músítàfá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Alájì, ìṣó àti agádágodo ló ń tà. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ la pọ̀ jù níbẹ̀, Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi, a jọ ń fa omi nínú kànga kan. Nígbà tí kànga bá gbẹ, Mamman ni à ń rọ̀ mọ́, ọmọ Hausa tó ń fi ọmọlanke ta omi kiri, tó ń gbé yàrá tó kángun sí géètì. Èmi ni télọ̀ iwájú ilé. Ìyá Kúbúrà ló wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Opó ni, búrẹ́dì ló fi tọ́ Kúbúrà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ó fi lọ́kọ.

Aago kò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n etí la fi ń mọ àkókò. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, kẹ́ẹ̀gì Mamman á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn nínú ọmọlanke. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin tó ń gé èékánná kiri, tí kì í la ẹnu rárá; àlùmọ́gàjí rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe á máa fi igi lu àpótí. Ẹlẹ́kọ á máa fa ohùn bí ẹni tó ń pe ọmọ tó sọnù. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo di ojú, mo lè sọ ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀, mo lè sọ bóyá inú rẹ̀ dùn, mo lè sọ bóyá ó jẹun kó tó jáde.

Ìyá Kúbúrà ni a máa ń gbọ́ kẹ́yìn, nítorí ó ń dúró kí búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Ẹ mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìpolówó rẹ̀, òun ni ẹ̀rọ ń ké títí dòní:

Ó jáde nínú iná, kò jóná,
ó wọ inú ọjà, kò tutù.
Ẹ jí, ẹ jẹ ẹ́. Ga burodi.

Bó bá ti fi Hausa ní búrẹ́dì rèé tán, á mí èémí kékeré kan, hìn-ìn, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyẹn ni ẹ mọ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni ìyókù. Lẹ́yìn èémí yẹn ni ìpolówó gan-an ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí òwúrọ̀ kan tó jọ èkejì. Bó bá dé ojúde ẹni tó ń ṣàìsàn, á ké e pé, "Rírọ̀ rèé fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn." Bí ọkọ àti aya bá jà lóru, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n á ní, "Ẹni tó bá bínú sùn, kó ra méjì." Ọjọ́ kan, ewúrẹ́ Alájì fa búrẹ́dì kan yọ lórí àtẹ rẹ̀, ó sá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìpolówó ti yí padà: "Búrẹ́dì tí ewúrẹ́ Alájì jẹ, tí kò dúró gba ṣéńjì." Alájì jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Obìnrin yìí, o ti fi ewúrẹ́ mi ṣe oníbàárà."

Ní ọjọ́ Iléyá, kì í kiri. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú abọ́ ẹran, á polówó rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí: "Àgbò tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Hausa, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Bí ó bá di Kérésìmesì, èmi náà á gbé ìrẹsì lọ síwájú yàrá rẹ̀, n ó fi ohùn mi tó dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo polówó. Á ní, "Télọ̀, padà sídìí máṣíìnì rẹ, o fẹ́ lé oníbàárà lọ."

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń kiri: a kì í mú ìpolówó ẹlòmíràn. Obìnrin kan wà, Ìyá Bísí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, òun náà ń ta búrẹ́dì. Ó gbọ́ pé ti Ìyá Kúbúrà ń tà, ó bá mú un. Àwọn àgbà obìnrin pè é sábẹ́ igi dóńgóyárò. Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn kàn bi í pé, "Ohùn ni orúkọ olówò. Bí ẹ bá jọ ń jẹ́ orúkọ kan, tí búrẹ́dì ọ̀kan bá hu, èwo nínú yín la máa bú?" Ìyá Bísí gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Nígbà tó tún jáde, ó ti ní tirẹ̀: "Ọkọ mi kò fún mi lówó oúnjẹ, ẹ̀yin ọkọ ọlọ́kọ, ẹ gbà mí." Àwọn ọkùnrin ń rà á, wọ́n ń wo ẹ̀yìn kí ìyàwó wọn má rí wọn. Ọmọ ìka kò dọ́gba, olúkúlùkù ló sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé ayé dẹrùn o. Ìlú wa ti dàrú lẹ́ẹ̀kan. N kò ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ ní òkè odò, ọ̀tọ̀ ni ti ìsàlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a padà sílé, Alájì wó ọgbà onípákó, ó ri géètì irin mọ́ ọn, géètì tó dí pátápátá. Kò fi ihò tí ojú lè yọ sílẹ̀, nítorí ó ní ibi tí ojú bá ti lè yọ, òkúta lè wọlé. Báwo la ó wá ṣe mọ ẹni tó ń kànkùn? Ìyá Kúbúrà ló dá a lábàá: "Kí ẹni tó bá dé polówó. Ẹni tí kò bá ní ìpolówó, kó wá tirẹ̀."

Bí ó ṣe di àṣà ọgbà wa nìyẹn. Mamman á gbọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Èmi á fi àlùmọ́gàjí lu irin, n ó ní, "Aṣọ tó ya, kò tíì kú." Alájì fúnra rẹ̀, tòun ti agbádá, á dúró níwájú géètì tó fi owó rẹ̀ rà, á máa ké pé, "Agádágodo rèé, kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ á dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Ohùn yẹn burú tó, Alájì nìkan ló lè ni ín. Ẹ ṣí i." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín náà, gbogbo wa mọ ìdí tí a fi ń ṣe é.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wá, ará Kàbbà, Olú ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tuntun kan ló rán an. Ọmọ tó mọ ilé ẹ̀kọ́, tó sì mọ ìkíni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti tẹ̀ lé Ìyá Kúbúrà káàkiri àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ké e. Mo fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ ra búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì la ó máa gbé fún yín, Màmá. Ohùn ni mo fẹ́."

Ó ké e. Nígbà tó mí hìn-ìn yẹn tán, tó fẹ́ máa bá ìyókù lọ, Olú gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó tó, Màmá. Ìyókù ti gùn jù." A pàtẹ́wọ́ fún un. Inú gbogbo wa dùn, n kò ní purọ́. Ta ni kì í fẹ́ kí a gbọ́ ohùn ará ilé òun káàkiri ìlú?

Láìpẹ́, kẹ̀kẹ́ pupa kún ìgboro, súpíkà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn Ìyá Kúbúrà nínú gbogbo wọn. Àwọn tó ń tà á wọ ẹ̀wù pupa. Olú wá bá mi pé kí n rán híjáàbù pupa fún àwọn obìnrin, pé wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀: Nawa daban ne. Tèmi yàtọ̀. Mo rán an, iṣẹ́ mi ni. Ọjọ́ tí mo kó wọn fún un, mo bi í pé, "Olú, bí tèmi bá yàtọ̀, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi pupa?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nìkan jẹ́ ẹ. Ohun tí à ń tà fún wọn nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, kì bá tí dùn mí.

Nígbà tó yá, ìgboro pa lọ́lọ́ lójú ariwo, bí ẹ bá mọ ohun tí mò ń wí. Ẹlẹ́kọ lọ ra súpíkà, ó ní kí wọ́n ká ohùn tó jọ ti búrẹ́dì sí i. Ìyá Bísí wọ híjáàbù pupa, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìpolówó, ọjà rẹ̀ sì ń tà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. N kò dá a lẹ́bi, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyá Kúbúrà nìkan ló ní, "Kí ẹ̀rọ máa sọ̀rọ̀ lórí mi nígbà tí ẹnu mi ṣì wà?" Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó ń kiri.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń sọ fún un pé kò ké e dáadáa. Mo wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi tí ọmọbìnrin kan sọ fún un pé, "Màmá, bí ti súpíkà ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ sáré níbi 'kò tutù.'" Àwọn oníbàárà ní tirẹ̀ ti gùn jù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti wọlé padà. Díẹ̀díẹ̀, ó gé ìyókù kúrò. Ó ń ké ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ó ń sáré níbi tí ẹ̀rọ ti ń sáré, ó ń mí níbi tí ẹ̀rọ ti ń mí. Ó wá ń sín ara rẹ̀ jẹ. Mo bi í léèrè, ó ní, "Télọ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń rà." Kò wo ojú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn ni Kúbúrà wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Obìnrin ló bí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, ìlú sì ti ń gbóná. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí: ọjà á tètè tú, àwọn ọkùnrin á máa dúró ní méjì-méjì ní kọ̀rọ̀, bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn wọ́n á dákẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ìyá Kúbúrà gbé àtẹ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kọjá sí Mahuta lọ sọ fún àwọn ẹbí nípa ìsọmọlórúkọ, pé òun á ta búrẹ́dì lọ, òun á ta á bọ̀. A ní kó má lọ. Ó ní, "Ta ni kò mọ ohùn mi ní Kaduna?"

Kò pẹ́ tó jáde tí ìròyìn fi dé. Wọ́n ní àwọn kan já kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á, wọ́n ń gbé e kiri ojúlé, bí ènìyàn bá gbọ́ ohùn tó mọ̀, tó ṣí géètì, wọ́n á ya wọlé. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àhesọ ni, títí dòní ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Alájì kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá. Ó ní, "Láti ìsinsìnyí, ohùn búrẹ́dì yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí géètì fún un." Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè ránṣẹ́ sí ẹni tó ti jáde. Fóònù kò lọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Èéfín wà lápá ibùdókọ̀. Òpópónà wa dákẹ́ débi tí a fi ń gbọ́ adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Kúbúrà jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, kò jẹun láti àárọ̀. Ìgbà náà la gbọ́ ọ, lẹ́yìn géètì gan-an:

"Ó jáde nínú iná, kò jóná."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tí a ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ọdún mélòó kan. Pẹ̀lú èéfín yẹn lókè, irun orí mi dìde.

"Ó wọ inú ọjà, kò tutù. Ẹ jí, ẹ jẹ ẹ́. Ga burodi." Hìn-ìn.

Mamman fi etí lé irin. Ó mi orí, ó rọra wí pé, "Ba ita ba ce." Kì í ṣe òun.

Mo ní, "Bóyá òun ni."

Alájì ní, "Bóyá? Télọ̀, ọmọ mẹ́lòó ló wà nínú ọgbà yìí? Ṣé bóyá ni n ó fi ṣí i?"

Ó tún ké e. Mo tẹ́tí sí i, mo ń wá ibi tí ohùn á ti gbọ̀n, ibi tí ẹni tó ń sá á ti pàdánù èémí. N kò rí i. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó sáré níbi tó yẹ kó sáré, ó mí níbi tó yẹ kó mí. Pípé tó pé yẹn ló dá a lẹ́bi. Ó ti kọ́ ọ débi pé ẹ̀rù kò lè bà á jẹ́ mọ́.

Alájì yí sí Kúbúrà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, ìyá rẹ ni. Ìwọ ló yẹ kó mọ̀. Ṣé òun ni?"

Kúbúrà gbá ọmọ mọ́ àyà. Ó ní, "N kò mọ̀, Bàbá. Bó ṣe ń ké ní gbogbo ojúlé nìyẹn. N kò mọ̀ ọ́n mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún, nítorí ọmọ.

Ó ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. A sì gbọ́ ẹsẹ̀ lókèèrè, ẹsẹ̀ púpọ̀, kò yára, ẹsẹ̀ àwọn tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rò pé ó ti parí.

Ohùn kan wá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ géètì, ó kéré, ó ń gbọ̀n, bí ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó fi ẹnu lé irin.

"Búrẹ́dì fún Alájì tí kì í jẹ èèpo, tó ń bù ú fún adìyẹ lẹ́yìn ilé kí ìyàwó rẹ̀ má rí i."

Ìyàwó Alájì yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Búrẹ́dì fún Mamman, èyí tó jóná díẹ̀ nídìí, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sè é. Búrẹ́dì fún télọ̀ tó ń fi ehín já okùn. Ehín ọ̀tún ń dùn ọ́, o ń purọ́ pé kò dùn ọ́. Àárín rírọ̀ ni mò ń yọ fún ọ láti ìgbà Kérésìmesì."

Ọwọ́ mi ti lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí n tó mọ̀.

"Búrẹ́dì fún Kúbúrà tó ń bẹ̀rù òkùnkùn títí ó fi lọ́kọ. Búrẹ́dì fún ọmọ tí ó bí, tí kò tíì ní ehín. Hàbíbátù. Hàbíbátù ni orúkọ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́."

Ẹ mọ̀ pé a kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Òun àti Kúbúrà nìkan ló mọ orúkọ náà. Kúbúrà dìde tòun ti ọmọ, ó ní, "Ìyá mi ni. Alájì, ìyá mi ni."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Alájì. Ọkùnrin tó ti ń ta agádágodo láti ìgbà èwe rẹ̀, kò rí ihò agádágodo. Mamman ló gbà á, tó ṣí i. Obìnrin náà ṣubú wọlé, kò ní àtẹ, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A tún ti géètì. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yẹn dé, wọ́n fi nǹkan lu irin, wọ́n dúró, wọ́n kọjá lọ.

Ó jókòó sílẹ̀, ó gba ọmọ. Kò bi wá ní ìdí tí a kò fi tètè ṣí i. Ìgbà tí Alájì fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí. Èmi náà ì bá má ṣí i."

Nígbà tí ìlú rọ̀, Olú wá kí wa. Ìyá Kúbúrà ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o dá ohùn mi padà." Olú ní, "Màmá, tiyín náà ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n." Ó ní, "Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò ṣí géètì fún mi." Olú lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbajúmọ̀ jù láti mú kúrò. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Kúbúrà kò ké ìbẹ̀rẹ̀ yẹn mọ́. Ìyókù nìkan ló ń ké, láti ojúlé dé ojúlé, fún ìwọ̀nba àwọn tó bá lè dúró gbọ́. Ọjà rẹ̀ kéré. Kò kú nítorí ebi.

Mo kó wá sí Ungwan Boro lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ṣe kó sí ìhà tiwọn, Mùsùlùmí sí òkè odò, Onígbàgbọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí pé Ìyá Kúbúrà ti lọ. Mo débẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá ní kọ̀rọ̀ Kinkinau, kẹ̀kẹ́ pupa kan ń bọ̀ lápá kejì. Ọmọ tó ń wà á kò mọ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ jáde nínú súpíkà, ó mọ́ gaara, ó ń sọ fún wa pé kí a jí.

Báyìí ni a ṣe pín ogún rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ni ìbẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti èémí kan. Ìyá Bísí jogún kọ̀rọ̀ tó ń jókòó sí. Ọmọ Alájì jogún géètì, ó sì ti dá ihò sí i. Aṣọ pupa tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ mi, òun ni mo fi ń bo máṣíìnì mi tí eruku kò fi wọ̀ ọ́, ẹ ti rí i. Kúbúrà ra àtẹ mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè polówó. Ojú rẹ̀ máa ń wọlẹ̀. Ìyókù, èyí tí Olú ní ó gùn jù, Hàbíbátù ló jogún rẹ̀. Kò gbọ́ ọ títí, ìyá rẹ̀ ló rántí rẹ̀ fún un. Òun ló ń gbé búrẹ́dì wá fún mi níhìn-ín láti òkè odò ní ọjọ́ Sátidé, láìní súpíkà.

Ẹ dákẹ́ ná. Géètì tiwa ní ihò, ó lè rí yín.

"Búrẹ́dì fún Bàbá tí kò ní ehín mọ́, tó ń purọ́ pé òun ní ẹyọ kan. Búrẹ́dì fún Dámiláre, ẹni tí kò jọ ẹnikẹ́ni, tó wọ ẹ̀wù tí mo rí lọ́rùn oníkẹ̀kẹ́."

Dìde, Dámiláre. Lọ ṣí i fún un.